Sàárà níta, ìwé gbélé-ẹ nínú ilé: ta ni báńkì ń ṣàánú fún gan-an?

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ráyè wọ ilẹ̀ yìí, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ìyẹn CBN, kéde pé àwọn olówó àtàwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti para pọ̀ láti bá ìjọba gbógun ti àrùn náà. CACOVID ni wọ́n pe àjọ náà. Aliko Dangote àti báńkì Access ló ṣáájú àwọn aládàáni tó kó ara wọn jọ. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wàìwàì. Access dá bílíọ̀nù kan náírà. Zenith, First Bank, GTBank àti UBA náà dá bílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Kí oṣù kẹrin tó parí, owó tó wà nínú àpò náà ti lé ní bílíọ̀nù 25 náírà. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹrin yẹn náà ló ń parí lọ nígbà tí fídíò kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti orí fóònù kan dé òmíràn. Herbert Wigwe, olóògbé báyìí, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Access nígbà náà, ló ń bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní nǹkan ò ní í rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ní àwọn máa dín owó oṣù kù, pé òun gan-an lòun máa kọ́kọ́ fara gbá a, pé ohun tí wọ́n máa gé nínú tòun lè tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wá dórí àwọn tí wọ́n gbà wọlé láti ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe: àwọn sikiọ́rítì, àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń po tíì fún àwọn ọ̀gá. Ó ní báńkì náà ò ní í nílò ọ̀pọ̀ wọn mọ́.

Bí fídíò yẹn ṣe jáde, inú bí àwọn èèyàn. Ìbéèrè kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bílíọ̀nù kan sílẹ̀ fún àwọn tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, ẹ wá ní ẹ ò rówó san fún ẹni tó ń po tíì yín? Ní ọjọ́ 2, oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá báńkì ṣèpàdé pẹ̀lú CBN. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àtẹ̀jáde CBN jáde pé báńkì kankan ò gbọdọ̀ dá òṣìṣẹ́ dúró, ì báà jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún tàbí ẹni tó ń ṣe díẹ̀díẹ̀, àti pé bó bá di dandan kí báńkì kan ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ CBN. Ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ díẹ̀.

Àmọ́ ìbéèrè tí fídíò yẹn dá sílẹ̀ ò tíì rọlẹ̀ títí dòní. Kì í ṣe báńkì Access nìkan ló kàn. Ó kan gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan pín ìrẹsì fáráyé, tó sì ń fọwọ́ kejì já ìwé gbélé-ẹ fáwọn tó bá a kó owó ìrẹsì náà jọ. Ìdí tí mo fi gbé e jáde ni pé irú ìgbà bẹ́ẹ̀ tún ti dé sẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kẹta, ọdún 2024, CBN kéde iye owó tuntun tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kó tó lè máa bá iṣẹ́ lọ: bílíọ̀nù 500 náírà fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, bílíọ̀nù 200 fáwọn tó wà káàkiri orílẹ̀-èdè, bílíọ̀nù 50 fáwọn tó wà lágbègbè kan. Ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2026 ni gbèdéke tí wọ́n fún wọn. Ẹni tó bá mọ ìtàn báńkì nílẹ̀ yìí mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí báńkì bá ń gbé ara wọn mì, ọ̀nà ọ̀fun òṣìṣẹ́ ni ohun tí wọ́n gbé mì máa ń há sí.

Kí ló ń dun òṣìṣẹ́?

Àwọn kan máa ń sọ pé ìlara ni. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ò fẹ́ kí wọ́n ṣoore fún ẹlòmíràn. Irọ́ gbáà ni. Òṣìṣẹ́ báńkì náà lẹ́bí tó ń jẹ nínú oore yẹn. Ohun tó ń dùn ún yàtọ̀.

Àkọ́kọ́, ó mọ ibi tí owó náà ti wá. Òun ló ń sá kiri oòrùn lójoojúmọ́ láti wá ẹni tó máa wá fowó pamọ́, torí iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un pé ó gbọ́dọ̀ kó wọlé lóṣù. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò ní báńkì mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ni wọ́n máa ń pè wá lálẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí àkáǹtì kan, kódà tẹ́ ẹ bá fi ẹgbẹ̀rún kan sínú ẹ̀." Owó tí wọ́n wá gbé fún gbogbo ayé, òógùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá wá dúpẹ́ lọ́wọ́ báńkì, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ìdágbére ló kàn án.

Ìkejì, kámẹ́rà. Ẹ sáà ti rí i: ṣẹ́ẹ̀kì gbàǹgbà tó tóbi bíi pátákó ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀gá mẹ́rin dì í mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àpò ìrẹsì tí wọ́n lẹ àmì ilé-iṣẹ́ mọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Ìtọrẹ bẹ́ẹ̀ ní oore nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gba ìwé gbélé-ẹ ò ní kámẹ́rà. Ìyẹn, wọ́n á ní kó wá sí ọ́fíìsì kan, wọ́n á gba káàdì tó fi ń wọlé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ti ìmeèlì rẹ̀ pa, sikiọ́rítì á sì sìn ín dé géètì. Nígbà míì, sikiọ́rítì tó ń sìn ín yẹn gan-an ò mọ̀ pé òun ló kàn lọ́la.

Ìkẹta, àwọn tí ọwọ́ wọn kéré jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ. Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́, Wigwe ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò lè ṣe nígbà tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gígé lórí owó òun. Ó yẹ ká yìn ín fún ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ìṣirò náà. Ẹni tí wọ́n gé ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, ọgọ́ta ṣì kù sí i lọ́wọ́, ọgọ́ta owó ńlá sì ni. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ, gbogbo ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gé. Wọn ò lè pe méjèèjì ní ìrúbọ kan náà.

Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Aṣọ tó dára tá a wọ̀ jáde, inú àpótí ilé wa ló yẹ kó ti wá. Ẹni tó bá ń wọ lẹ́ẹ̀sì ròde, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń rìn ní ìhòòhò nínú ilé, a kì í bá a yọ̀ lágbo.

Ọmọ báńkì láti Omifunfun

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí sàkáání tiwa, torí ọ̀rọ̀ báńkì kì í ṣe ti Èkó nìkan.

Ní Omifunfun níbí àti láwọn abúlé tó yí Odígbó ká, iṣẹ́ oko ló pọ̀ jù: kòkó, ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń bá lọ tá a bá fẹ́ wọ báńkì gidi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ká lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe POS. Ọ̀rẹ̀ yìí ni oríta tí ọkọ̀ Èkó àti ọkọ̀ Bìnì ti máa ń sinmi, owó ń yí níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ojú wa báyìí la ṣe ń rí àwọn ọmọ tó wọ súùtù, tí wọ́n de táì nínú oòrùn, tí wọ́n ń wọ inú ọjà láti bá àwọn tó ń ta pákó àtàwọn tó ń ra kòkó sọ̀rọ̀ àkáǹtì.

Tí ọmọ kan láti irú ìlú báyìí bá rí iṣẹ́ báńkì, odidi ẹbí ló rí iṣẹ́. Bàbá á fọkàn balẹ̀ pé owó oògùn kòkó ọdún yìí ti wà. Ìyá á mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun ò ní í tán. Àbúrò tó fẹ́ ṣe WAEC á dúró dè é. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá òṣìṣẹ́ báńkì gan-an ni àbí agbaṣẹ́ṣe ló mú un wá. Súùtù ni wọ́n rí. "Ọmọ wa wà ní báńkì," ó parí.

Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí, òṣìṣẹ́ àgbàṣe ni wọ́n. Wọ́n jókòó síbi kan náà pẹ̀lú òṣìṣẹ́ gidi, wọ́n ń ka owó kan náà, ìlà kan náà ni àwọn oníbàárà tò síwájú wọn. Owó oṣù wọn ló yàtọ̀. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìgbàsíṣẹ́ wọn ló yàtọ̀, torí ilé-iṣẹ́ kan tí wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọ́fíìsì rẹ̀ ló gbà wọ́n, tó sì "yá" báńkì lò. Ọjọ́ tí nǹkan bá le, báńkì á ní, "Àwa ò lé òṣìṣẹ́ wa kankan o." Òótọ́ lórí ìwé. Àmọ́ ẹni tó ń sọkún nílé, iṣẹ́ báńkì ló mọ̀ pé ó bọ́ lọ́wọ́ òun.

Wàyí o, nígbà tí wọ́n bá gbé àpò ìrẹsì ìtọrẹ wá sí ìlú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ wo bó ṣe máa rí. Àpò ìrẹsì kan á tán láàárín oṣù kan. Owó oṣù tó ń bọ́ ẹni mẹ́fà ti lọ. Báńkì fi ọwọ́ ọ̀tún fún abúlé náà ní ohun tó kéré sí èyí tó fi ọwọ́ òsì gbà kúrò níbẹ̀, àti pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n yà fọ́tò rẹ̀.

Ohun tí báńkì máa sọ

Kò yẹ ká dájọ́ láì gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Báńkì náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo.

Wọ́n á ní ìtọrẹ kòrónà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń ṣe é, àmọ́ owó oṣù kì í tán. Wọ́n á ní bílíọ̀nù kan ò lè gba gbogbo òṣìṣẹ́ là títí ayé. Wọ́n á ní tí kò bá sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ya aláìsàn sọ́tọ̀, àrùn náà á pa oníbàárà, á pa òṣìṣẹ́, kò sì ní í sí báńkì mọ́. Wọ́n á tún ní orí fóònù làwọn èèyàn ti ń ṣe nǹkan báyìí, pé ẹ̀ka báńkì tí wọ́n ń ti pa ò ní í ṣí mọ́, pé owó tó wà lọ́wọ́ àwọn, ti àwọn tó fowó pamọ́ ni, àwọn ò sì gbọdọ̀ fi ṣeré.

Mo gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n kan náà wọn méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé ìtọrẹ rọrùn torí pé ẹ̀ẹ̀kan ni, ṣé owó ìdágbére tí wọ́n máa fún òṣìṣẹ́ tó ń lọ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni? Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní òṣìṣẹ́ àgbàṣe kan ń gba 60,000 náírà lóṣù. Lọ́dún kan, 720,000 náírà nìyẹn. Ẹ fi pín bílíọ̀nù kan. Ẹ máa rí i pé owó náà lè san owó oṣù èèyàn tó lé ní 1,300 fún odidi ọdún kan. Tó bá jẹ́ owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi sìn wọ́n jáde kí wọ́n lè ráyè wá iṣẹ́ mìíràn, ó máa kárí èèyàn tó lé ní 5,000. Mi ò ní kí wọ́n má dá owó kòrónà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó lè ṣe ìkan ò lè ní òun ò lágbára láti ṣe ìkejì.

Ọdún 2020 tí à ń sọ yìí, èrè tó kù sí ọwọ́ báńkì Access lẹ́yìn tó san owó-orí tán lé ní bílíọ̀nù 100 náírà. Ọdún kòrónà ni o. Ilé-iṣẹ́ tó pa irú èrè bẹ́ẹ̀, ó lè ṣe ìtọrẹ, ó sì lè sin òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú iyì. Yíyàn ni.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà korò ni ibi tí oúnjẹ CACOVID já sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn EndSARS, àwọn èèyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza, l'Ékòó. Láìpẹ́, ó ti dé Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó dé Ìlọrin, ó dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìrẹsì, ṣúgà àti índómì ni wọ́n bá níbẹ̀ jọ bí òkè. CACOVID ṣàlàyé pé bí ètò náà ṣe tóbi tó ló fa ìdádúró. Kò burú. Àmọ́ ẹ fi ara yín sípò ẹni tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́, tó jókòó ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, tó ń wo oúnjẹ tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ rà, tó ti lo ọ̀pọ̀ oṣù nínú yàrá, tí kò dé ọ̀dọ̀ tálákà, tí kò sì dé ọ̀dọ̀ òun náà.

Ibi tí òfin dúró sí

Òfin ni mo kà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò pé òfin ò sọ nǹkan kan, àwọn mìíràn sì rò pé ó sọ ju bó ṣe sọ lọ.

Abala ogún nínú òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ó ní agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ohun tó fà á àti bí iye tó máa lọ ṣe pọ̀ tó. Ó ní ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, tí wọ́n bá ti wo ìmọ̀, ipá àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé olúkúlùkù mọ́ ọn. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó tí wọ́n máa gbà lọ sílé. Ọ̀rọ̀ dídùn ni.

Àmọ́ ihò ńlá wà nínú àwọ̀n náà. Abala 91 òfin yìí kan náà ló sọ ẹni tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́ lójú rẹ̀, kò sì ka àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, iṣẹ́ ọ̀gá, tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ́ wọn. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ń de táì ní báńkì ló bọ́ sínú ihò yẹn. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wọ́n ló ń darí wọn, ìwé tí ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí láì kà á torí ayọ̀. Àwọn tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ lójú òfin, ìyẹn àwọn tó ń gbálẹ̀ àtàwọn tó ń ṣọ́ géètì, agbaṣẹ́ṣe lòfin máa kọ́kọ́ ní kí wọ́n dojú kọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ báńkì, ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ìrètí ò tán o. Láti ìgbà àtúnṣe òfin ìlẹ̀ wa ti ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ National Industrial Court nìkan ló láṣẹ láti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, òfin sì fún un láyè láti wo ohun tí ayé gbà pé ó tọ́ láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà wà: NUBIFIE fáwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké, ASSBIFI fáwọn ọ̀gá. Ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ sì wà nínú abala ogójì òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé láwọn báńkì kan, ẹni tó bá dárúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀ pé òun ti ń wá ìjàngbọ̀n.

Ìtàn ń tún ara rẹ̀ sọ

Àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí Charles Soludo wà nípò ọ̀gá CBN, ó ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà. Báńkì 89 ló wà. Nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, 25 ló kù. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀, Access gbé Intercontinental mì, Ecobank gbé Oceanic mì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì bá a lọ. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2016, ó le débi pé Chris Ngige tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì dáwọ́ dúró nínú lílé òṣìṣẹ́. Ní ọdún 2024, CBN tó ń pàṣẹ fáwọn yòókù ní 2020 pé kí wọ́n má lé ẹnikẹ́ni, òun náà dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tirẹ̀ dúró.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1892, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin Andrew Carnegie ní Homestead kọ̀ láti gba kí wọ́n gé owó wọn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì tú ẹgbẹ́ wọn ká. Ọdún 1898 ni Carnegie wá ṣí ilé ìkàwé àgbàyanu kan fún àwọn ará ibẹ̀. Ilé náà rẹwà. Àmọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lóòjọ́ lórí iná irin, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ka ìwé? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi Carnegie nígbà náà, òun náà là ń bi àwọn báńkì wa lónìí: ṣé ẹ̀bùn lẹ fún wa, àbí díẹ̀ nínú owó wa lẹ dá padà?

Kí ni ṣíṣe?

Ọ̀rọ̀ òfìfo ò lè gba ẹnikẹ́ni là, nítorí náà, ohun tí mo rò nìyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí CBN sọ àṣẹ oṣù karùn-ún ọdún 2020 yẹn di òfin tí kò ní gbèdéke. Báńkì tó bá fẹ́ dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan, kó kọ́kọ́ fi hàn pé òun ti bá aṣojú wọn sọ̀rọ̀, pé owó ìdágbére wọn ti wà nílẹ̀. Kí wọ́n ka òṣìṣẹ́ àgbàṣe mọ́ ọn. Báńkì tó bá lè gbé bílíọ̀nù 500 kalẹ̀ torí CBN ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní í kú torí pé CBN ní kó sin òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde dáadáa.

Ìkejì, kí báńkì tó bá ń tẹ ìtọrẹ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún rẹ̀ tẹ iye òṣìṣẹ́ tó lọ lọ́dún náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti èyí tó jẹ́ ti àgbàṣe, àti iye tí wọ́n fún wọn. Kí àwọn onípìn-ín rí méjèèjì lójú kan. Ìtọrẹ tí kò lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, kó jókòó sílé.

Ìkẹta, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ fúnra yín. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín kí ọjọ́ ibi tó dé. Ẹ tọ́jú ìwé tó fi iye owó oṣù yín hàn. Ẹ mọ̀ pé òfin òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó lo ọdún méjì sí márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè béèrè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìfẹ̀yìntì tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ẹ yẹ àkáǹtì náà wò báyìí, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá agbanisíṣẹ́ yín ń san ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àgbàṣe ti máa ń gbọ́ ìròyìn burúkú.

Àwa tó kù náà ní ipa tiwa. À ń gbádùn ìtọrẹ, a kì í béèrè ìbéèrè. Àwọn ọba wa ń gbàlejò wọn, àwọn pásítọ̀ àti ààfáà ń ṣàdúrà fún wọn, àwa oníwèé ìròyìn ń gbé fọ́tò wọn jáde. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá gbé ṣẹ́ẹ̀kì gbàǹgbà wá sí ìlú yín, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, kí àgbà kan dìde kó sì fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé: àwọn ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Mélòó ni wọ́n lọ́dún tó kọjá, mélòó ló kù? Báwo lẹ ṣe sin àwọn tó lọ jáde?

Kò sí àrífín nínú ìbéèrè yẹn. Ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì sì ni ọrùn báńkì. Ẹni tó bá jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ san gbèsè kó tó ṣe sàárà. Owó ìdágbére òṣìṣẹ́ kì í ṣe sàárà, gbèsè ni. Báńkì ló kúkú yẹ kó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbèsè àti ẹ̀bùn ju ẹnikẹ́ni lọ, torí ìgbà tí àwa bá jẹ wọ́n, wọn kì í gbà kí á pe tiwọn ní sàárà.